Orí Ọ̀nì Tí Mo Pè Ní Ajá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí, nígbà tí mo ṣì lè sọ gbólóhùn kan tán kí ikọ́ tó já a gbà mọ́ mi lẹ́nu. Èmi Fàòsíyà, ọmọ oníṣòwò páànù ní Ṣàpọ́n, tí àwọn èèyàn ń pè ní Pùròfẹ́sọ̀ tí wọ́n sì ń kúnlẹ̀ kí, òpùrọ́ ni mí. Mi ò jalè, mi ò gba ọkọ ọlọ́kọ. Irọ́ kan ni mo pa, obìnrin kan náà ni mo sì pa á fún nígbà méjèèjì tó bi mí. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní gbé mi dé Iléyá tó ń bọ̀. Mo gbà fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì káàánú mi. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Egungun ẹranko ni iṣẹ́ mi. Àwọn ará ilé wa kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ìyá mi, kí Ọlọ́hun tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń wí pé, "Fàòsíyà, ṣé egungun lo fẹ́ máa tà ni? Páànù kì í rùn o." Egungun tí mò ń wá kì í rùn pẹ̀lú, nítorí ó ti di òkúta nínú ilẹ̀ kí ọmọ èèyàn kankan tó dé ayé. Ti ọ̀nì ló sì gbà mí lọ́kàn jù. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀nì, n kì í mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́, ẹ foríjì mí, mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọ̀nì tí ẹ mọ̀, tó ń fàyà wọ́ létí odò, tí ojú rẹ̀ àti ihò imú rẹ̀ wà lókè orí kí ó lè lúgọ sínú omi, apá kan péré ni nínú ẹbí ńlá kan. Láyé ọjọ́un, àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà tí kò bá odò ṣe. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọdẹ. Ẹsẹ̀ wọn nà sísàlẹ̀ lábẹ́ ara wọn bíi ti ẹṣin, kò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí wọn ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò imú wọn wà níwájú. Eyín wọn kò rí ṣóńṣó bíi ti ọ̀nì odò: ó pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ rí bí ayùn, òun ni wọ́n fi ń gé ẹran. Ẹ rò ó bí ọmọ bàbá kan náà. Àwọn kan gba odò lọ, àwọn kan gba oko. Ti oko ti kú run. Ti odò ló kù tí ẹ ń rí.

Àwọn mìíràn ti rí egungun irú wọn ní ilẹ̀ tó jìnnà sí wa. Èmi fẹ́ rí i ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kí n sì jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́ lórúkọ. Mo fẹ́ ẹ débi pé ó ti ń ba ìwà mi jẹ́ kí n tó rí i. Tí ọ̀rẹ́ tí a jọ kàwé bá rí nǹkan kan tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà á pàtẹ́wọ́, màá sì dé ilé láìlè jẹun. Ìlara ni. Kí n pè é lórúkọ rẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí tí èmi àti Babájídé, tó jẹ́ igbákejì mi níbi iṣẹ́, lọ sí Abà Ọlọ́nì, abúlé kékeré kan lẹ́yìn Ìtórí, níbi tí ilẹ̀ ti funfun nítorí òkúta ẹfun. Òkun ló bo ibẹ̀ nígbà kan, ìkarawun sì pọ̀ nínú òkúta náà. Ìkarawun la wá. Òjò ló lé wa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà kan.

"Ẹ kú òjò o," ni ìyá náà kí wa. "Ẹ wọlé, ẹ̀yin ará ìlú ńlá. Àbí ẹ rò pé òjò wa kì í pa akọ̀wé ni?" Ọ̀ṣunjìmí ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Ọlọ́nì ni gbogbo abà ń pè wọ́n. Wọ́n fún wa ní àgbàdo sísun. Ọmọ wọn obìnrin, Títílọlá, jókòó sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi omi fọ nǹkan pupa kan nínú ọpọ́n. Mo na ọrùn wò ó, àgbàdo bọ́ lọ́wọ́ mi. Orí ẹranko ni, ó gùn ju láti ìgúnpá mi dé orí ìka lọ, ó ti di òkúta, wọ́n sì ti fi osùn kùn ún débi pé àwọ̀ òkúta náà kò hàn mọ́. Mo rí eyín rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé kí nìyẹn.

"Ọ̀nì wa ni," ni Ìyá Ọlọ́nì wí, bí ẹni tó ń fi àbúrò rẹ̀ han àlejò. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ dá oko síbẹ̀ ló wú u jáde nínú ilẹ̀ funfun náà. Láti ìgbà náà, ìdílé wọn kì í jẹ ọ̀nì, wọn kì í pa á. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi omi odò Ògùn wẹ orí náà, tí wọ́n á sì fi osùn pa á lára. Nígbà tí ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀ bá sì kú, omi tí wọ́n fi wẹ orí ọ̀nì ni wọn á fi bọ́ ojú òkú rẹ̀, kí àwọn tó ti lọ ṣáájú lè dá a mọ̀. Títílọlá ń wẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń kọrin sí i:

"Ọ̀nì ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ̀gbọ́n ọ̀nì odò,
Ó nàró rìn, kò fàyà wọ́,
Ó jẹ irin bí ẹni jẹ iṣu.
Bí a bá dé, kí o dá wa mọ̀."

Kò sí ẹranko tó ń jẹ irin. Ìyẹn nìkan ni mo lè bá orin náà jà lé lórí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, wọ́n sì gbà. Ihò kéékèèké kún òkè orí náà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rí lórí ọ̀nì. Mo yí i, mo wo àjà ẹnu rẹ̀: egungun bò ó dé ẹ̀yìn pátápátá, bíi ti ọ̀nì. Nínú igbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n náà, egungun ọrùn ẹsẹ̀ kan wà, oríkèé rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀nì láìkù síbì kan, bẹ́ẹ̀ ni egungun itan tó wà pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ ti ẹranko tó ń nàró rìn. Odò ti gbé òkú rẹ̀ lọ sínú òkun nígbà náà, ó rì, ó sì bá ìkarawun di òkúta. Babájídé wò mí, mo wò ó.

Mo tọrọ rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ gbé e lọ sí yunifásítì. Ìyá Ọlọ́nì kò bínú. "Ẹ máa wá wò ó níbí," ni wọ́n wí. "Ìgbà tó bá wù yín. A ó tẹ́ ẹní fún yín, Títílọlá á máa se oúnjẹ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀nì yìí kì í kúrò nílé." Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi lọ̀ mí o. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ mi nílò ni. Mo lè jókòó sórí ẹní yẹn, kí n wọ̀n ọ́n, kí n ya àwòrán rẹ̀, kí n sọ ọ́ lórúkọ, kí n sì fi í sílẹ̀ fún onílé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó wà nínú àpótí gíláàsì ní ọ́fíìsì tèmi, kí ẹni tó bá fẹ́ rí i máa kan ilẹ̀kùn mi.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Tí kì í bá wá ṣe ọ̀nì ńkọ́, Ìyá?"

Àwọn náà rẹ́rìn-ín. "Tí kì í bá ṣe ọ̀nì, kí ló ń ṣe nílé wa? Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ."

Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Èmi kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí mo padà lọ, mo gbé orí ọ̀nì odò kan dání láti yàrá ìwádìí wa. Mo tẹ́ àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ẹní, mo sì kọ́ ìyá arúgbó yẹn ní ẹ̀kọ́ bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní kíláàsì. "Ìyá, ẹ fọwọ́ kàn án. Ti ọ̀nì tẹ́ pẹrẹsẹ, tiyín ga. Ojú ọ̀nì ń wòkè, ojú tiyín ń wo ẹ̀gbẹ́. Eyín ọ̀nì rí ṣóńṣó, tiyín rí bí ayùn. Egungun itan yìí, ẹranko tó ń nàró ló ni ín. Ǹjẹ́ ẹ rí ọ̀nì tó ń nàró rí?" Gbogbo ohun tí mo tọ́ka sí, òótọ́ ni. Ibi tí mo gbé e dé ni irọ́. Mi ò yí orí náà dojú dé, kí wọ́n má baà rí àjà ẹnu rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ yẹn, mo fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sinmi.

Ìyá Ọlọ́nì fi ìka wọn tọ òkè orí méjèèjì. "Àwọn ihò kéékèèké yìí ńkọ́? Ó wà lára èyí, ó wà lára ìyẹn."

Háà! Obìnrin yìí ti di ọ̀rọ̀ náà mú gan-an. Mo ní, "Kòkòrò ilẹ̀ ló jẹ tiyín bẹ́ẹ̀."

Wọ́n tún fọwọ́ kan àwọn ihò náà. "Kí wá ni?" ni wọ́n wí.

"Ẹranko igbó kan ni. Ó jọ ajá."

"Ajá."

"Nǹkan tó jọ ajá, Ìyá."

Wọ́n ní kí Títílọlá gbé osùn kúrò. Títílọlá kò dìde, ó ń wò mí, àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ tún un sọ. Ìyá fúnra wọn fi etí ìró wọn nu osùn kúrò lára orí náà. Wọ́n nù ún títí ó fi funfun, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi? Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ là wá lójú." Wàláhì, èyí ni mo ń gbọ́ tí mo bá fẹ́ sùn.

Nínú mọ́tò, Babájídé kò tíì wakọ̀ jáde lábúlé tó fi sọ̀rọ̀. "Mà, ẹ purọ́ fún Màmá yẹn."

"Ṣé kí n fi í sílẹ̀ fún omi àti osùn títí yóò fi bàjẹ́?"

"Wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá yín, kò bàjẹ́."

Mo ní tí kò bá fẹ́ orúkọ rẹ̀ lára iṣẹ́ náà, kó wí. Ó ń wakọ̀ lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ pé ìbátan ọ̀nì ni, ti orí ilẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbègbè wa. Àwọn èèyàn wá láti òkè òkun. Wọ́n fi mí jẹ Pùròfẹ́sọ̀. Ọ̀nì ni mo pè é lójú gbogbo ayé. Lójú ẹni tó ni ín, ajá ni mo pè é.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohun tí Ìyá Ọlọ́nì ń ṣe. Ẹni tó ń kó gaàrí wá sí Kútọ̀ láti ọ̀nà ibẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá náà ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kúnlẹ̀ fún àwọn ọmọdé tó bí lọ́mọ, ó ń bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ forí jì mí. Mo jẹ́ kí ẹ máa wólẹ̀ fún ajá." Ẹni tí kò ṣẹ̀ ló ń tọrọ àforíjì. Èmi tí mo ṣẹ̀ ra àpótí gíláàsì. Mi ò lọ. Mo ní iṣẹ́ pọ̀.

Ọjọ́ tó burú jù ń bọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé Ìyá Ọlọ́nì ń kú lọ, wọ́n sì ń béèrè mi. Ó yẹ kí n sá, mo lọ. Mo bá wọn lórí ẹní, wọ́n ti gbẹ, Títílọlá sì ń rọ omi sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ní kó jáde. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Wọn kò pè mí ní Pùròfẹ́sọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Fàòsíyà, ọmọ mi. Mò ń lọ. Àwọn ìyá mi wà níbẹ̀, omi ọ̀nì ni wọ́n fi bọ́ ojú gbogbo wọn. Èmi ni wọn kò ní bọ́ tèmi. Mo fẹ́ bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, má bínú. Ṣé ó dá ọ lójú? Ṣé kì í ṣe ọ̀nì?"

Ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Ìwé mi ti jáde, mo ti jẹ oyè mi, kò sí ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ mi mọ́ àyàfi orí yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí n ní "Ọ̀nì ni," wọn ì bá kú tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo rò ó pé wọ́n á ní kí n dá a padà. Mo rí àpótí gíláàsì mi lófìfo. Ẹ gbọ́ o, ohun tí mo rò nìyẹn nígbà tí èèyàn ń kú lọ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Ó dá mi lójú, Ìyá. Kì í ṣe ọ̀nì."

Wọ́n mi orí. Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tí àwọn àgbà fẹ́ wá mi kí n gbé orí náà wá fún òkú, Títílọlá sọ fún wọn pé ìyá òun ti kọ̀. Wọ́n sin wọ́n pẹ̀lú omi kànga. Mo ti pa obìnrin kan lẹ́yìn tí ó ti kú, bí ìyẹn bá ṣeé ṣe. Àsítágífírúláì, kí Ọlọ́hun forí jì mí.

Láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi jókòó sílé ní Aké, Babájídé máa ń pè mí lórí fóònù. Kì í bi mí nípa oògùn. "Mà, ṣé ẹ ti lọ bá wọn?" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo máa ń bú u. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó tó bi mí, mo ní, "Mò ń lọ." Yunifásítì ti ṣe ẹ̀dà orí náà, wọ́n sì gbà pé kí n gbé ojúlówó padà. Yasir, ọmọ mi, ló wakọ̀. Mo gbé e sórí itan mi láti Aké dé Abà Ọlọ́nì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé, ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ mọ̀ di ohun tí ẹ ó fi máa rẹ́ ẹni tí kò kàwé jẹ. Ìwé tí mo kà tọ̀nà. Èmi ni mi ò tọ̀nà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní àgbàlá, níwájú Títílọlá àti Òrìṣàdìpẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin, àti àwọn ọmọ ilé. Mo yí orí náà, mo fi àjà ẹnu rẹ̀ hàn wọ́n. Mo fi ihò kéékèèké yẹn hàn wọ́n, mo ní kòkòrò kankan kò jẹ ẹ́. Títílọlá gbọ́ mi tán.

"Ojúlé dé ojúlé ni ìyá mi lọ," ó ní. "Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Àwọn ọmọdé ń gbó bí ajá tí wọ́n bá ń kọjá. Ẹ mọ ìyẹn náà?"

Mi ò mọ ìyẹn. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ dá mi dúró. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Èmi kọ́ ni ẹ purọ́ fún."

Ó gbé ọpọ́n wá, ó da omi sí i, ó gbé orí náà sínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́. Òrìṣàdìpẹ̀ ní, "Orin ńkọ́?" Ìyá Ọlọ́nì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má kọrin fún ajá mọ́, àwọn ìyá àgbà tó ń kọ ọ́ ti kú, Títílọlá sì ti fi agbára gbàgbé rẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ara wọn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Ó ń dún ní etí mi láti ọjọ́ òjò yẹn.

Mo kọ ọ́. Èmi tí n kì í pa ìrun jẹ, mo jókòó ní àgbàlá ọlọ́nì, mo ń kọ orin ọ̀nì. Ọlọ́hun lè bi mí nípa rẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la ó jọ sọ ọ́. Ikọ́ já a mọ́ mi lẹ́nu níbi irin àti iṣu, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Nígbà tí a dé ibi "kí o dá wa mọ̀," ohùn Títílọlá wọlé, ó sì fọ́.

Ó gbé ọpọ́n náà lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi sàréè ìyá rẹ̀, Yasir sì fà mí dìde tẹ̀lé e. Ó da omi náà sí ibi orí. "Wọ́n bi yín ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó kú," ó ní. "Ẹ dá wọn lóhùn."

Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀ tútù náà.

"Ìyá, èmi Fàòsíyà ni. Ọ̀nì ni. Ọjọ́ tí ẹ bi mí, ọ̀nì ni. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹ wólẹ̀ fún ajá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ilẹ̀ mu omi náà tán. Títílọlá bu osùn, ó fi kan ibi orí ìyá rẹ̀. "Ìyá, ẹ ti gbọ́," ó ní. Kò wo ojú mi. Ó gbé ọ̀nì wọn, ó wọlé lọ.